Kí Ni À Bá Pe "Cynical" ní Èdè Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì rárá, tiwa ni. Ọ̀rọ̀ náà ni cynical. Àwọn tí ó ń kọ ìròyìn nípa ìpínlẹ̀ Èkìtì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ bí àsìkò ìbò bá ti ń súnmọ́. Wọn a ní olóṣèlú jẹ́ cynical, wọn a ní olùdìbò jẹ́ cynical, nígbà mìíràn wọn a ní gbogbo ìlú ni ó ti di cynical. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ bá wá fẹ́ yí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ padà sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí wọn lẹ́nu ni "aláìnígbàgbọ́". Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Inú mi kò dùn sí i, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo "aláìnígbàgbọ́" dáadáa. Láti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìgbàgbọ́ ti wọ ilé ìsìn lọ, tí kò sì jáde kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó, bí ẹ bá pe ènìyàn ní onígbàgbọ́, ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ni pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a bá wá pe ìyá arúgbó kan tí kì í pa ìsìn òwúrọ̀ jẹ ní aláìnígbàgbọ́, nítorí pé kò gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ń du ipò gbọ́, èébú gidi ni a bú u. Ọlọ́run ni ìyá náà gbà gbọ́. Gómìnà ni kò gbà gbọ́. Ìyàtọ̀ ńlá wà nínú méjèèjì, àfi bí a bá fẹ́ fi gómìnà ṣe Ọlọ́run.

Àwọn mìíràn a máa kọ "oníyèméjì". Èyí náà kò bá a mu. Oníyèméjì ni ẹni tí iyè rẹ̀ pín sí méjì, tí ó ń rò ó pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cynical kò ní iyè méjì kankan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni iyè tirẹ̀, ó sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. "Ẹlẹ́gàn" súnmọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́gàn a máa rí ohun tí ó dára kí ó tó fojú tín-ín-rín rẹ̀, nígbà tí ẹni tí à ń wí yìí gbà pé kò sí ohun tí ó dára níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Afura" ni ó yẹ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìfura kì í ṣe àbùkù lọ́dọ̀ Yorùbá. Àwọn àgbà ní ìfura ni oògùn àgbà. Wọ́n ní pańsá kò fura, pańsá já sí iná. Àjà kò fura, àjà jìn. Ará Èkìtì ní ìdí pàtàkì láti mọ èyí. Nígbà tí Ìbàdàn gba ilẹ̀ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀ láti máa ṣojú fún wọn, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó dá ìjà Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ ní 1878. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní ibùdó wọn. Ẹni tí ajẹ́lẹ̀ ti jókòó sí ìlú rẹ̀ rí kò ní ṣàì kọ́ ìfura. Ṣùgbọ́n afura ń béèrè ni. Ó ń yọjú, ó ń tẹ́tí, ó ń wo ẹsẹ̀ àlejò bóyá ó fẹ́ jókòó tàbí ó fẹ́ sá. Bí ó bá rí i pé òótọ́ ni àlejò náà sọ, yóò gbé àga fún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí ní tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan mọ́, nítorí pé ó ti dáhùn gbogbo ìbéèrè tán kí àlejò tó kàn ilẹ̀kùn.

Níbo gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ajá ni ó bí i. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ajá ni ó wà ní ìdí rẹ̀, "bí ajá" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan wà ní ìlú Áténì ní ọ̀rúndún kẹrin kí a tó bí Jésù, tí wọn kò ka ọrọ̀, oyè àti ìtìjú sí, tí wọ́n ń jẹun ní gbangba, tí wọ́n sì ń sùn sí ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Aráàlú ní ajá ni wọ́n, àwọn náà sì gba orúkọ ọ̀hún mọ́ra. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Diogenes, ọmọ Sínópè. Ìtàn sọ pé inú ìkòkò amọ̀ ńlá kan ni ó fi ṣe ilé. Nígbà tí Ọba Alẹkisáńdà wá kí i, tí ó sì ní kí ó béèrè ohunkóhun tí ó bá fẹ́, ohun tí ó béèrè ni pé kí ọba jọ̀ọ́ yà kúrò níwájú oòrùn tí òun ń yá. Wọ́n tún ní ó tan fìtílà ní ọ̀sán gangan, ó ń gbé e kiri ọjà, ó ní ènìyàn ni òun ń wá.

Yorùbá kankan kò ní bi í léèrè pé irú ènìyàn wo. Ọmọlúàbí ni ó ń wá. Bí ó bá jẹ́ ọjà Ìkọ̀lé ni ó gbé fìtílà náà wọ̀, àwọn ìyálọ́jà yóò kọ́kọ́ bi í pé ṣé kò sí nǹkan, àmọ́ wọn yóò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé Diogenes kò ṣe é rà. Ọba tí ó lágbára jù láyé ìgbà náà dúró níwájú rẹ̀, oòrùn lásán ni ó béèrè. Ọkùnrin náà gbà pé ìwà rere wà, ó ń fi fìtílà wá a, ó ń bínú pé òun kò rí i. Báwo ni orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá di orúkọ ẹni tí ó ní kò sí ìwà rere níbì kankan? Ọ̀rọ̀ a máa rìn jìnnà sí ilé rẹ̀. Àwọn ará Jámánì rí ìṣòro yìí, wọ́n sì pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì nínú èdè wọn, ọ̀kan fún àwọn ajá àtijọ́, ọ̀kan fún àwọn ti òde òní. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Peter Sloterdijk kọ ìwé ńlá lé ìyàtọ̀ méjèèjì lórí ní 1983. Bí àwọn aláwọ̀ funfun fúnra wọn bá lè pín in, kí ni ó dé tí àwa fi ń wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò gbé gbogbo ẹrù náà?

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ ajá, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. (Mo mọ̀ pé àwọn ará ibòmíràn ti ń dúró láti fi ẹran ajá dá àwa ará Èkìtì àti Oǹdó lápàárá. N kò ní dá wọn lóhùn lónìí.) Yorùbá náà ti so ajá pọ̀ mọ́ ẹ̀mí àìgbẹ́kẹ̀léni láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, orúkọ tí a ń sọ ajá ni ẹ sì ti máa rí i. Orúkọ ọmọ kì í ṣe ohun tí a fi ń bá aládùúgbò jà, àdúrà ni. Orúkọ ajá ni a fi ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Baba kan wà ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà tí ó ń pe ajá rẹ̀ ní Ojúlafẹ́ni. Òun àti ẹni tí ó mú un lé ara wọn kì í jà, wọn a máa kí ara wọn láàárọ̀, wọn a béèrè àlàáfíà ara wọn. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá ti kọjá tán, baba yóò gbé ohùn sókè: "Ojúlafẹ́ni! Ojúlafẹ́ni, wá jẹun!" Ajá yóò sáré wá, irù rẹ̀ a máa mì, kò mọ̀ pé òwe ni òun. Mo tún mọ ajá kan tí ń jẹ́ Tanímọ̀la, mo sì mọ òmíràn tí ń jẹ́ Ẹ̀yìnlàárò.

Ẹ kíyè sí ohun tí baba yìí ń ṣe. Ó gbà pé ìfẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kò dénú, kò sì tún retí kí ó dénú mọ́. Síbẹ̀ kò pa ìkíni rẹ́. Ó fi ìbínú rẹ̀ sí ẹnu ajá, ó fi ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀wọ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cynical wà lọ́dọ̀ wa, kò sí àní-àní. A kàn kò sọ ọ́ di orúkọ ènìyàn ni.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á wọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Nǹkan méjì ni Gẹ̀ẹ́sì kó sínú cynical. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí ayé ti tàn jẹ títí tí kò fi gbà mọ́ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe rere láìní ìdí mìíràn nínú. Èkejì ni ti ẹni tí ó ń tan ayé jẹ, tí ó mọ ohun tí ó tọ́, tí ó mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń retí, tí ó sì ń fi ìrètí náà ṣòwò. Ẹni tí wọ́n fi iná jó àti ẹni tí ó dáná, orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n. N kò rí Yorùbá kan tí ó máa ń ṣe irú àṣìpọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọn kò bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a láàmú.

Àríwá Èkìtì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti fẹsẹ̀ rìn lójú wa. Ẹ rántí ìbò gómìnà ti oṣù Kẹrin ọdún 2007. Àwọn tí ó dojú kọ ara wọn, ọmọ àgbègbè kan náà ni wọ́n: Ṣẹ́gun Òní wá láti Ìfàkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òṣì, Káyọ̀dé Fáyẹmí wá láti Ìsàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Wọ́n kéde Òní, Fáyẹmí lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin pàṣẹ pé kí wọ́n tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63, ní ìjọba ìbílẹ̀ 10. Wọ́n dì í ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ó wá ku èsì Ìdó-Òṣì, ni gbogbo nǹkan bá dàrú. Ìyáàfin Ayọ̀ká Adébáyọ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò ní ìpínlẹ̀ náà, kọ ìwé pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun gẹ́gẹ́ bí Kristẹni kò jẹ́ kí òun lè bá iṣẹ́ náà lọ mọ́. Àwọn obìnrin tú jáde sí ìgboro Adó-Èkìtì láti fi ẹ̀hónú hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ìyáàfin náà padà wá, wọ́n sì kéde Òní ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wá sọ pé Fáyẹmí ni ó wọlé.

Ẹ ka ọdún náà: láti 2007 títí di 2010. Ọdún mẹ́ta àti àbọ̀ ni olùdìbò ní Ìfàkì, ní Ìdó, ní Ọ̀yẹ́ fi dúró kí wọ́n tó mọ ohun tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí já sí. N kò sọ pé ẹni báyìí ni ó jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó kọ́kọ́ dìbò ní 2007 ti pé ọdún mọ́kànlélógún kí àbájáde tó jáde. Kí ni ẹ rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́ nípa ìbò?

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ikùn wọlé. Ìjọba Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣooṣù ní 2011, ètò ìjọba sì ni, kì í ṣe ti ọjọ́ ìbò. Síbẹ̀ nígbà tí ó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014, Ayọ̀délé Fáyóṣé fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, títí kan Ọ̀yẹ́ tí í ṣe ilé rẹ̀. Àkókò náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa "ohun amáyédẹrùn inú ikùn", wọ́n ń sọ ọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìjọba tuntun gbà á mọ́ra bí Diogenes ṣe gba orúkọ ajá, wọ́n tilẹ̀ yan olùrànlọ́wọ́ fún gómìnà lórí rẹ̀. Ìrẹsì àti adìyẹ dé nígbà Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ di gbèsè ọ̀pọ̀ oṣù.

Nígbà tí a ó fi dé ìbò ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2018, èdè Yorùbá ti rí gbólóhùn tirẹ̀ fún un: "Dìbò, kí o sebẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mi tú palẹ̀. Kò sí "rà" nínú rẹ̀, kò sí "tà", kò sí "owó". Ìbò kọ́kọ́ dé, ìkòkò ọbẹ̀ tẹ̀lé e, "kí" ni ó sì so wọ́n pọ̀, bí ẹni pé ohun tí a dá ìbò sílẹ̀ fún ni ọbẹ̀. Ẹ tún wo "o" yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àdàpè kì í sábà lo "ẹ" ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọdékùnrin kan bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó ìdìbò tí ó ń sọ ọ́ sí etí ìyá tí ó jù ú lọ ní ogójì ọdún, létí tèmi kò dùn. Àwọn alákìíyèsí ròyìn pé ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ni ó ń ná an, àti pé iye rẹ̀ tó ₦3,000 sí ₦5,000. Fáyẹmí ní ìbò 197,459, Olúṣọlá Ẹlẹ́kà ní 178,121. Wọ́n tún ròyìn rírà ìbò ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí Bíọ́dún Oyèbánjí wọlé.

Mo bá ìyá kan wọ ọkọ̀ láti Ìfàkì lọ sí Ìkọ̀lé lẹ́yìn ìbò ti 2018. Ọ̀rọ̀ dórí owó náà. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà gbà á?" Ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo gbà á, bí n kò gbà á, wọn yóò wọlé. Èyí tí mo fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo rí." Mo ní, "Ẹni tí ó fún yín ni ẹ dìbò fún?" Kò dáhùn. Ó kàn fi imú àti ètè rẹ̀ ṣe bákan sí ọ̀nà ojú fèrèsé, ibi tí àwòrán olóṣèlú kan ṣì wà lára ògiri. Gbogbo wa nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni òun ti tò sórí ìlà.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá yìí ṣe. Ó yínmú. Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá káàkiri nìyẹn, ó wà nínú ọkọ̀, kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan tí mo ṣí. Ẹni tí ó bá yínmú ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò gbà á gbọ́, kò sì ní bá a yín jà. Kì í yín in sí ojú onítọ̀hún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni, tàbí níwájú àwòrán rẹ̀. Àárẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn pátápátá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Gẹ̀ẹ́sì fi cynical lu ènìyàn bí òòtẹ̀: irú ẹni tí ó jẹ́ nìyẹn, ó parí. Yorùbá ní "ó ń yínmú", ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn, sí ọ̀rọ̀ kan pàtó, lẹ́nu ẹnì kan pàtó. Ó lè dáwọ́ dúró lọ́la bí ẹlòmíràn bá sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí kò ní ìrètí kankan kì í tò sórí ìlà ní aago mẹ́fà. Nítorí náà ni mo ṣe tako àwọn tí ó fẹ́ kí á ṣẹ̀dá "ayínmú" kí á sì fi ṣe orúkọ. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí ẹ bá sọ ọ́ di orúkọ, ẹ ti sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtumọ̀ kejì kò ṣòro rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà tipẹ́: ọ̀dájú. Ojú ni ó wà nínú rẹ̀, ojú tí ìtìjú kò lè wọ̀ mọ́. Ọ̀dájú mọ̀ pé ebi ń pa ọ́, ó tilẹ̀ lè mọ ìdí tí ebi fi ń pa ọ́ ju ìwọ alára lọ, nítorí pé ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí kò san owó oṣù. Ó wá fi ₦5,000 wọn ebi náà wò. Èyí kì í ṣe ìmú yíyín. Kò sí àárẹ̀ nínú rẹ̀, ìṣirò ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yẹ́ kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní ìyá náà ti dájú, nítorí pé kì í ṣe ọbẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni ó ń sè, òpópónà àti ilé ìwòsàn aládùúgbò rẹ̀ ni ó fi dáná. Ó tún rán mi létí pé Òfin Ìdìbò ti 2022 kò yọ ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí ó ṣe mú ẹni tí ó fún ni ni ó mú ẹni tí ó gbà. Òótọ́ ni. N kò sọ pé ìyá náà kò ṣẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ó sì rí ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo bi ọ̀rẹ́ mi pé nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó lè sọ pé òun kò ní ṣe é mọ́, tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀? Bí ìyá kan bá kọ owó náà, ẹlòmíràn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà yóò gbà á. Bí ẹni tí ó ń pín in bá kọ̀ láti pín in, ọjà tú. Òfin lè fi ọ̀pá kan náà na àwọn méjèèjì. Èdè kò gbọdọ̀ fi orúkọ kan náà pè wọ́n. Ẹni tí ó bá kà pé "àwọn ará Èkìtì ti di cynical" yóò pa ìwé dé, yóò mi orí, yóò ní gbogbo wọn kúkú ni. Ọ̀dájú yóò wá rí ibi sá pamọ́ sí láàárín àwọn tí ó tàn jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀: bí ìwé bá sọ pé olùdìbò jẹ́ cynical, ẹ kọ pé wọ́n ń yínmú sí ìlérí náà, tàbí bí ìwé yín kò bá fẹ́ ẹ̀fẹ̀, pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ olóṣèlú kún mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ olóṣèlú ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìwà ọ̀dájú, tàbí pé ó fi ìrètí aráàlú ṣòwò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín ni, ẹ̀rín ẹ̀gàn ti tó. Bí ó bá sì jẹ́ Diogenes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ẹ pè wọ́n ní àwọn ọlọ́gbọ́n ajá, wọn kò ní bínú.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ béèrè. Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ gbogbo èyí, àwa tí a ń pe ilé ní ulé sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nílé ni ó ń wọ inú Yorùbá ìwé. Ẹ̀yin ọmọ Ìkọ̀lé, Ayédé, Ìtàpá, Ìlúpéjú, Uṣì àti Ọrin, ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà léèrè: bí ẹnì kan bá ń ṣèlérí láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí gbogbo agbo sì mọ̀ pé irọ́ ni, kí ni wọ́n máa ń pe ohun tí ojú àwọn olùgbọ́ ń ṣe? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ tó fi wé "yínmú" tèmi yìí.